Ìbéèrè yín: Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọnárébù, kí ni kí n máa ṣọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọlé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa nínú ìbò tó kọjá yìí, wọ́n á sì búra fún wọn lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n wá máa ṣe olùrànlọ́wọ́ àwọn. Kánsù ni mo ń bá ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka owó. Láti ọjọ́ tí èsì ìbò ti jáde nilé ò ti gbèrò mọ́. Màlúù mẹ́ta ló ti wọlé. Agbaṣẹ́ṣe kan gbé jíìpù wá, ó ní kí wọ́n máa gùn ún títí ìjọba á fi fún wọn ní tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi tún ní kí n mú nọ́ńbà àkáǹtì mi wá, pé báńkì ń da àwọn láàmú. Ẹ̀rù ń bà mí, sà. Mo ń gbọ́ bí àṣírí àwọn olóṣèlú ṣe ń tú nígbà tí wọn ò tíì lo oṣù mélòó kan lórí àga. Kí ni kí n máa ṣọ́?

Olùrànlọ́wọ́ tuntun, Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú oríire o. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn, má jẹ̀ẹ́ kó tán lára rẹ.

Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mo ń ṣe, mo sì ti bá àwọn olóṣèlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dépò jókòó lóríṣiríṣi. Olè ni gbogbo ayé máa ń rò pé ó ń gbé wọn ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta, nígbà wo ló ráyè jalè? Ohun tó máa ń gbé ẹni tuntun ṣubú ni ìwé: èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kí wọ́n tó dìbò fún un, àti èyí tó buwọ́ lù nígbà tí àga ò tíì móoru. Nítorí náà, kó o tó máa wo ẹni tó ń wọlé tó ń jáde, wo inú fáìlì ẹ̀gbọ́n rẹ ná.

Rántí Salisu Buhari. Oṣù kẹfà ọdún 1999, ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, òun ni wọ́n fi ṣe Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Ó ní ọdún 1963 ni wọ́n bí òun, àti pé òun gboyè ní Yunifásítì Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Oṣù keje ò tíì parí tí ìwé ìròyìn TheNews fi tú u síta pé 1970 ni wọ́n bí i, àti pé Toronto ò mọ̀ ọ́n rí. Ọgbọ̀n ọdún ni òfin ní kéèyàn pé nígbà náà kó tó lè jókòó nílé aṣòfin yẹn, kò sì tíì pé e. Ó kọ́kọ́ jiyàn. Nígbà tí ìwé dé láti Toronto, iyàn tán, ẹkún ló kù. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fipò sílẹ̀ lóṣù yẹn náà. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 2,000 náírà lé e, ìjọba sì foríjì í lọ́dún kejì. Àwọn kan fi owó yẹn ṣẹ̀fẹ̀ títí. Síbẹ̀ ẹni tí ì bá jókòó fún ọdún mẹ́rin kò lò tó oṣù méjì.

O lè sọ pé ẹ̀gbọ́n tìrẹ ò yí ìwé kankan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2020 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yọ David Lyon nípò gómìnà Bayelsa. Ọjọ́ kejì gan-an ló yẹ kí wọ́n búra fún un. Kì í ṣe òun ló ṣẹ̀. Orúkọ igbákejì rẹ̀ ni kò bára mu láti orí ìwé ẹ̀rí kan dé èkejì, ilé ẹjọ́ sì ní ìròyìn èké ló kó fún àjọ elétò ìdìbò. Bí igbákejì ṣe lọ ni ọ̀gá lọ, nítorí tìkẹ́ẹ̀tì kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Ẹni tó gba ipò kejì ni wọ́n búra fún.

Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, ọ̀rọ̀ orúkọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó jẹ́ Ògúnṣọlá lórí ìwé WAEC ti di Olúṣọlá lẹ́yìn tó gba Jésù. Múkáílà ti di Michael. Ìyàwó ti fi orúkọ ọkọ kún tirẹ̀, ó tún ti yọ ọ́. Mo ní oníbàárà kan tó wọlé káńsẹ́lọ̀. A tẹ́ gbogbo ìwé rẹ̀ sórí tábìlì mi lọ́jọ́ kan, láti ìwé mẹ́fà títí dé ti póòlì. Orúkọ mẹ́rin ló jáde, àti ọjọ́ ìbí méjì. Mo bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá mi ló fi ọdún méjì kún un kí wọ́n lè gbà mí síléèwé." Kò sí ohun tó burú nínú pé bàbá ẹni fẹ́ kéèyàn tètè kàwé, ṣùgbọ́n alátakò kì í fi irú ìyẹn rẹ́rìn-ín. A lọ búra ní kóòtù, a gbé ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn, a kọ̀wé sí àwọn iléèwé. Má wá rò pé àfídáfíìtì nìkan tán an: igbákejì ti Bayelsa náà ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ hàn lórí ìwé pé èèyàn kan náà ló ni gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn, láti orí ìkíní dé ìkẹyìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ẹnì kan ń bẹ tó máa bá wa gbà á kíákíá," ẹ gbọ́ ti Kemi Adeosun. London ni wọ́n bí i sí, ó sì di mínísítà ètò ìnáwó ní 2015. Ní oṣù keje ọdún 2018, Premium Times gbé e jáde pé ayédèrú ni ìwé tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Oṣù kẹsàn-án ló fipò sílẹ̀. Ó sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé àwọn tóun fọkàn tán ló bá òun gba ìwé náà. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá ní ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni lásìkò tó gboyè, kò sídìí tó fi yẹ kó ṣe àgùnbánirọ̀ rárá. Ìwé tí kò nílò ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìwé tí ẹlòmíì bá ẹ̀gbọ́n rẹ gbà, kó padà lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wádìí rẹ̀ níbi tó ti jáde.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù ìkéde dúkìá, ti CCB, àjọ tó ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin ilẹ̀ wa ò jẹ́ kí aṣòfin jókòó láìkéde dúkìá àti gbèsè rẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn ò tíì pé ọdún 18, tí wọn ò sì tíì ṣègbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ń fún ọmọọṣẹ́ ní fọ́ọ̀mù yìí pé kó bá wọn kọ nǹkan sí i. Má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹni tó máa búra lé e lórí ni kó kọ ọ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n-àgbọ́njù kan wà tó ń kọ ilé tí wọn ò tíì kọ́ sí i, kí wọ́n lè fi owó ìlú kọ́ ọ tó bá yá. Irọ́ tá a fi ìbúra dè ni, ẹni tó bá sì lọ wo ilẹ̀ náà máa bá koríko níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ní lẹ́yìn ìkéde, tí owó oṣù rẹ̀, ẹ̀bùn tàbí ẹ̀yáwó tí òfin fàyè gbà kò lè ṣàlàyé, òfin ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n lè gba dúkìá náà, kí wọ́n gba àga, kí wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ di ipò mú fún ọdún mẹ́wàá. Bó bá gbé ìlú òyìnbó rí, tó ṣì ní àkáǹtì kan tó ń fi san nǹkan níbẹ̀, kó tì í pa. Aṣòfin ò gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì nílẹ̀ òkèèrè. "Mo gbàgbé" ò sì wúlò. Onnoghen tó jẹ́ adájọ́ àgbà pátápátá kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ̀ pé òun gbàgbé láti kéde dúkìá òun. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 2019, ó sì di ìparí 2024 kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wọ́gi lé e.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìwọ alára, torí o sọ ọ̀rọ̀ kan gẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: kánsù ni o ti ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ́. O ò lè gba owó oṣù kánsù kí o tún gba ti olùrànlọ́wọ́ ọnárébù. Gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé, tàbí kó o fi ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn tó bá ń wá ẹ̀sùn sí ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́sẹ̀, ara rẹ ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀, torí ìwọ ló rọrùn láti mú.

Àkáǹtì rẹ ńkọ́? Rárá ni ìdáhùn mi, mi ò sì ní fi oyin sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu ní kí Betta Edu tó jẹ́ mínísítà lọ rọ́kún nílé. Ìwé kan tó buwọ́ lù ló jáde síta, tó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 585 náírà, owó àwọn mẹ̀kúnnù, sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́ kan. Ó ní òun ò ṣe ohun tó lòdì. Ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìdálẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìlànà ìnáwó ìjọba sọ ọ́ kedere pé owó ìlú ò gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì aládàáni, ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka owó sì mọ èyí jù mí lọ. Òfin tún ní ohun tí ẹni tó di ipò ìjọba mú ò gbọ́dọ̀ ṣe, tó bá rán ẹlòmíì ṣe é, òun náà ló ṣe é. Nítorí náà àkáǹtì rẹ ò lè bò ó. Yóò kàn fi orúkọ kejì kún ìwé ẹ̀sùn ni. Bó bá bínú, sọ fún un pé agbẹjọ́rò ló wí bẹ́ẹ̀. Sì rán an létí pé ààrẹ, gómìnà àtàwọn igbákejì wọn nìkan ni òfin ò jẹ́ kí wọ́n pè lẹ́jọ́ nígbà tí wọ́n bá ń bẹ lórí àlééfà. Kò sí ọnárébù kankan nínú wọn.

Lẹ́yìn ìbúra, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé iṣẹ́ wá fún un kó buwọ́ lù. Patricia Etteh, tó ṣojú apá Ìkirè ní ìpínlẹ̀ tìrẹ, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ Abẹnugan l'Ábùjá. Oṣù kẹfà ọdún 2007 ló débẹ̀. Nígbà tó fi di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹwàá, ó ti lọ. Mílíọ̀nù 628 náírà ni wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi tún ilé méjì ṣe, kí wọ́n sì ra ọkọ̀ méjìlá. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi. Ohun tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin rí wí ni pé wọn ò tẹ̀ lé ìlànà gbígbé iṣẹ́ jáde. Nítorí náà, ìwé tí kò bá ní iye tí agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ó kéré tán dá lé iṣẹ́ náà nínú, má gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ní ti jíìpù, kó dá a padà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀bùn tó bá wá láti ọwọ́ ẹni tó ń gba iṣẹ́ ìjọba, òfin ti gbà pé ẹ̀gúnjẹ ni, àfi tí ẹni tó gbà á bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. "Ó kàn yá mi ni" náà ò yọ ọ́. Kọ lẹ́tà kúkúrú: a dúpẹ́, a dá ọkọ̀ yín padà. Ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù kí iye máìlì hàn, kí agbaṣẹ́ṣe buwọ́ lu ẹ̀dà pé òun ti gba kọ́kọ́rọ́.

Màlúù ò tó bẹ́ẹ̀ le. Àwọn tó ṣòfin yìí mọ àṣà wa: wọ́n gbà kí èèyàn gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ níbi tí àṣà bá ti ní kí wọ́n fúnni, bí ìdúpẹ́ tàbí ìsìnkú. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá fún un níta gbangba nítorí ipò rẹ̀, ti ilé ìgbìmọ̀ ni, kì í ṣe ti yàrá rẹ̀. Ra ìwé àjákọ kan lónìí, kó o fa ìlà márùn-ún sí i: ọjọ́, ẹni tó mú un wá, ohun tó mú wá, bí ó ṣe jẹ́ sí yín, iṣẹ́ tó ń bá ìjọba ṣe. Bẹ̀rẹ̀ láti orí màlúù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Èyí tó bá jẹ́ ti agbaṣẹ́ṣe náà, bí wọ́n bá ti pa á, ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́jà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ san án sí àkáǹtì iléeṣẹ́ ọkùnrin náà, kó o lẹ rìsíìtì mọ́ inú ìwé. Bí wọn ò bá sì tíì pa á, kó tẹ̀ lé jíìpù lọ sílé.