Ọmọ Tó Ń Sanra Jù: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ìsanra wọn ti kọjá ọjọ́ orí wọn pọ̀ lóṣù yìí. A ṣa díẹ̀ nínú wọn, a sì gé èyí tó gùn kúrú. Ẹ óò rí i pé kò sí ibi tá a ti ní kẹ́nikẹ́ni fi ebi pa ọmọ.

Ọmọkùnrin mi pé ọdún 8. Ó wọn kílò 30, ó sì ga ní mítà 1.28. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé ní ó ti ń sanra jù. Mo ṣírò BMI rẹ̀ fúnra mi, ìyẹn kílò rẹ̀ tí a fi gíga rẹ̀ lọ́nà gíga rẹ̀ pín, 18.3 ni mo rí, àtẹ tó wà lọ́wọ́ mi sì sọ pé ẹni tí kò bá tó 18.5 rù ni. Èwo ni ká gbà gbọ́? (Bàbá Ọmọ Mẹ́ta)

Ẹ gba nọ́ọ̀sì gbọ́, Bàbá. Ìṣirò yín pé: 1.28 lọ́nà 1.28 jẹ́ 1.64, ẹ fi pín 30, 18.3 náà ni. Àtẹ lẹ ṣì mú. Ti àgbàlagbà ló wà lọ́wọ́ yín.

Ara ọmọdé kì í dúró sójú kan. Lẹ́yìn ọdún kìíní, ọ̀rá ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, yóò kéré jù lọ nígbà tó bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún 5 tàbí 6, lẹ́yìn náà ló tún ń gòkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ọjọ́ orí ọmọ, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kí wọ́n tó túmọ̀ nọ́ńbà náà. Nínú àtẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2007 fún ọmọ ọdún 5 sí 19, 15.7 ni ti ọmọkùnrin ọdún 8 tó wà láàárín gbùngbùn. Tó bá ti kọjá 17.4, ó ti ń sanra jù. Tó bá kọjá 19.7, ó ti di sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ tí dókítà ń ka sí àìsàn. Àárín méjèèjì ni ọmọ yín wà.

Ẹ má tìtorí èyí dín oúnjẹ rẹ̀ kù lójijì. Ó ṣì ń ga, gíga yẹn gan-an sì ni oògùn rẹ̀. Bó bá dúró sórí kílò 30 títí tó fi ga dé mítà 1.35, èyí tó lè gba ọdún kan ó lé díẹ̀, nọ́ńbà náà á ti bọ́ sí 16.5 láìjẹ́ pé ó rù rárá. Ẹ má máa gbé e sórí ìwọ̀n lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ti tó. Àmọ́ bó bá ń han-run gan-an tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, bí awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bá ń dúdú tó sì ń nípọn, bí òùngbẹ àti ìtọ̀ bá pọ̀ lójijì, tàbí tó ń tiro nítorí ìgbáròkó tàbí orúnkún tó ń dùn ún, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá.

A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ adáná fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 10 nílé ìwé wa. Ọmọ 24 ni wọ́n, wákàtí kan la ní, kò sí ilé ìdáná, sítóòfù kan ṣoṣo ló wà. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? (Olùkọ́ Kíláàsì)

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láìdáná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀bẹ àti ẹ̀fọ́ tútù nìkan ti tó wọn.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ̀wé sílé láti béèrè oúnjẹ tí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan kì í gbà: ẹyin, wàrà, ẹ̀pà, ẹja, sóyà, àlìkámà. Nínú ìwé yẹn kan náà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀bẹ̀ fún òbí méjì tó máa wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tábìlì mẹ́fà, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, àgbàlagbà kan sí tábìlì méjì. Òbí tó bá fojú ara rẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ tó ń gé kárọ́ọ̀tì kò ní lé e kúrò ní ìdí ìkòkò nílé mọ́. Ìyẹn lérè ju ìwé ìléwọ́ èyíkéyìí lọ.

Ibi tí àkókò ti máa ń ṣòfò ni ọwọ́ fífọ̀. Ọmọ kan gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ bọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ fi ìrìn àti ìnuwọ́ kún un, ó di 30. Ọmọ 24 lẹ́nu ẹ̀rọ omi kan jẹ́ ìṣẹ́jú 12, nígbà náà àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ á sì ti máa ta bọ́ọ̀lù. Ẹ gbé garawa omi àti abọ́ ìfọwọ́ sí ibi mẹ́ta, kí ẹnì kan máa bu omi lé wọn lọ́wọ́ níbi kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 4 ti parí rẹ̀.

Ọ̀bẹ wá kàn. Ẹ ki aṣọ tútù sábẹ́ pákó tí wọ́n fi ń gé nǹkan kó má baà máa yọ̀. Ohunkóhun tó bá rí roboto, àgbàlagbà ni kó kọ́kọ́ là á sí méjì, kí ojú tó tẹ́jú dojú kọ pákó. Ọmọ á ká orí ìka wọlé bí ẹsẹ̀ ológbò, oríkèé ìka ni yóò fara kan ọ̀bẹ, kì í ṣe orí ìka. Ẹ má sì fún wọn ní ọ̀bẹ tó kú nítorí ìbẹ̀rù. Ọ̀bẹ tó kú ni ọmọ máa ń fi agbára tẹ̀, òun ló sì máa ń yọ̀ sọ́wọ́. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò 2 kárọ́ọ̀tì, kùkúḿbà àti tòmátì pa pọ̀ á kárí ọmọ 24, bíi gíráàmù 80 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ẹ lè gbé iná wá. Kílò kan ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n ti sè jinná nílé, kílò 2 ẹ̀fọ́ àti tòmátì tí àwọn ọmọ gé, àlùbọ́sà, ṣíbí ìjẹun 4 òróró, ṣíbí kékeré 2 iyọ̀ tí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé kó dọ́gba. Ẹ̀wà tí ẹ gbé wá kò gbọ́dọ̀ wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ gbé e wá ní gbígbóná tàbí nínú yìnyín, kó sì hó dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́nikẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Ẹ fi ẹfun fa ìlà yí sítóòfù ká ní mítà kan. Mẹ́rin-mẹ́rin lẹ ó máa pè wọ́n wọlé láti dà á sínú ìkòkò àti láti rò ó, kí ọwọ́ ìkòkò sì máa kọjú sínú.

Òróró yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á látinú ìgò. Ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo jẹ́ bíi kálórì 120, ọwọ́ tó ń da ìgò kì í sì í mọ ìgbà tó fi ń di mẹ́ta. Ọmọ tó ti wọn òróró ní ṣíbí ní ìgbà mẹ́fà ni yóò bi ìyá rẹ̀ léèrè nílé pé ṣíbí mélòó leléyìí.

Ohun kan wà tí a kórìíra nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ adáná: kéèkì àti bisikíìtì ni wọ́n máa ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìparí, torí pé àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ń kọ́ ọmọ ni bí wọ́n ṣe ń po ṣúgà mọ́ bọ́tà. Ẹ fi ìyẹn sí ẹ̀ẹ̀kan ní sáà.

Bí ọmọ bá kọ̀ láti jẹ ohun tó sè, ẹ fi sílẹ̀. Kó fi ahọ́n kàn án, tàbí kó kàn gbóòórùn rẹ̀. Oúnjẹ tuntun lè gba ìtọ́wò bí ìgbà 8 sí 15 kó tó bá ọmọ lẹ́nu mu, ọ̀pọ̀ òbí sì máa ń ṣíwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má ṣe ṣèlérí súwíìtì fún un torí kó lè jẹ ẹ̀fọ́. Ohun tó máa gbọ́ nínú ẹ̀ ni pé ẹ̀fọ́ ni ìyà, súwíìtì ni ẹ̀bùn.

Gbogbo kíláàsì ni kí ẹgbẹ́ náà wà fún. Bí ẹ bá pe kìkì àwọn tó sanra, ẹ ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Ọmọ 30 ni mo ń kó lọ sí pápá. Àwọn tó sanra máa ń wá igun jókòó sí. Ṣé kí n máa fipá mú wọn? (Olùkọ́ Eré Ìdárayá)

Rárá. Ẹ kọ́kọ́ fi aago wọn eré yín ná. Ẹ mú ọmọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú tó fi sáré ní tòótọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé eré àfisọ́wọ́ lẹ ń sá: ọmọ 30 ní ìlà méjì, ìṣẹ́jú àáyá 20 fún ẹnì kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ lò, ọmọ kọ̀ọ̀kan sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ó sì dúró fún 280. Ẹ pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kan náà á fún un ní 100. Kò gbà ju àmì tí ẹ máa fi ẹfun ṣe sílẹ̀ lọ.

Eré tí wọ́n ti ń yọ ọmọ kúrò náà tún ń bà á jẹ́, torí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ló ń kọ́kọ́ jáde, òun gan-an ló sì yẹ kó sáré jù. Ẹ yí òfin padà: ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ kàn á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fò ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, á sì padà wọlé. Ẹ tún wá eré tí agbára ti wúlò, bíi kí wọ́n jọ fa okùn, kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù tó wúwo, kí wọ́n ti nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó sanra lágbára ju ẹgbẹ́ wọn lọ, ẹnikẹ́ni kò kàn tíì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ má sì fi eré sísá ṣe ìyà fún ọmọ tó pẹ́ dé.

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2020 ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ká pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀, kí èyí tó le dáadáa tó sì ń fún iṣan àti eegun lókun wà níbẹ̀ ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin, ara rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Omi ọsàn tí mo fún fúnra mi ni mo ń fún ọmọ mi ọdún 7 mu, mi ò fi ṣúgà sí i. Kò léwu, àbí? (Ìyá Ìbejì)

Kọ́ọ̀pù kan, mílílítà 200, ní bíi gíráàmù 17 ṣúgà. Bákan náà pẹ̀lú ṣúgà tí wọ́n bù sí oúnjẹ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ṣúgà inú omi èso sí, wọ́n sì ní bó bá lè wà lábẹ́ ìdá kan nínú ogún agbára oúnjẹ òòjọ́, ó dáa jù. Fún ọmọ ọdún 7, ìyẹn jẹ́ bíi gíráàmù 24, ṣíbí kékeré 6. Ẹ bó ọsàn náà fún un kó jẹ ẹ́ tòun ti ẹran ara rẹ̀. Kò sí ọmọ tó máa jókòó jẹ ọsàn mẹ́ta tán bó ṣe ń mu kọ́ọ̀pù kan. Ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: agolo mílílítà 330 kan sábà máa ń ní ṣúgà bíi ṣíbí kékeré 9.

Èmi àti ọkọ mi ti dín nǹkan dídùn kù. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi tó ń bá wa gbé máa ń fún ọmọ ní bisikíìtì tó bá ti sunkún. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ fi ebi pa ọmọ. (Ìyàwó Ilé)

Ẹ má fẹnu yín sọ ọ́ mọ́. Kí ọkọ yín bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn méjì péré. Kó má sọ pé Màmá ń ba ọmọ jẹ́. Iṣẹ́ ni kó gbé fún wọn: oúnjẹ ìpanu aago mẹ́rin di ti Màmá, àwọn ni wọ́n á máa gé èso, tí wọ́n á máa se ẹyin, kí ọmọ máa bá wọn bó o. Màmá fẹ́ fún ọmọ ní nǹkan, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àkókò sí oúnjẹ: mẹ́ta gbòógì, ìpanu méjì, omi nìkan láàárín wọn. Ọmọ tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ kì í débi ìjẹun pẹ̀lú ebi, ìyẹn lẹ fi ń rò pé kì í jẹun. Ẹ̀yin lẹ ó máa pinnu ohun tí ẹ máa gbé kalẹ̀ àti ìgbà tí ẹ máa gbé e kalẹ̀. Bó ṣe máa pọ̀ tó lẹ́nu rẹ̀, òun ni yóò pinnu. Ẹ má fipá mú un jẹ gbogbo ohun tó wà nínú àwo tán, ẹ má sì se ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó bá wà lórí tábìlì, gbogbo ilé ni yóò jẹ ẹ́, Bàbá náà pẹ̀lú. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí fóònù sì wà ní yàrá mìíràn.

Ẹ tún wo oorun rẹ̀. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12, àìsùn tó sì máa ń mú kí nǹkan dídùn wu ènìyàn jẹ. Bó bá ń jí láago mẹ́fà, aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ ló yẹ kó ti sùn.

Ní ti bisikíìtì náà, ẹ má gbé e sókè níbi tí ọmọ á ti máa wò ó lójoojúmọ́. Ohun tí ọmọ ń rí tí wọn ò jẹ́ kó tọ́ ló máa ń wù ú jù. Ẹ má kàn rà á wọlé lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì fi owó rẹ̀ ra èso fún Màmá.