Bátìrì Mọ́tò Kì Í Ṣe Alábàárù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníná. Aránṣọ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, bátìrì méjì sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀: ọ̀kan ti lo ọdún méjì, èkejì kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń bá wa ṣe iná ládùúgbò ní kí n kàn ra inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ká so méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn, kí n sì gbé e sábẹ́ ibùsùn nítorí olè. Máṣíìnì ìránṣọ, fáànù, gílóòbù méjì àti áyọ́ọ̀nù ni mo fẹ́ fi lò. Ṣé á gbé e? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ìbejì. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé bátìrì sábẹ́ ibùsùn. Bí bátìrì olómi bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní hydrogen máa ń jáde lára rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, iná kékeré tó bá ta lẹ́nu waya sì lè mú un bú gbàù. Ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé tó ń jáde ni kó wà. Nítorí olè, ẹ ní kí wẹ́dà ṣe àgò onírin fún un, kó dá ihò sí i lára dáadáa, kí ẹ fi àgádágodo tì í.

Ní ti bátìrì mọ́tò, á tan iná, àmọ́ kò ní bá yín kalẹ́. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ra tuntun méjì, 75Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan (Ah ni òdiwọ̀n iná tí bátìrì lè gbé: 75Ah lè fúnni ní áńpù kan fún bíi wákàtí 75), sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mókólá n'Íbàdàn. Lójoojúmọ́ ni mò ń lò ó títí inverter á fi ké, tí á sì pa ara rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí wọn ò fi lè gbé fáànù kan fún ogún ìṣẹ́jú mọ́. Mo gbé ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bátìrì ṣe, ó là á lójú mi. Òjé inú rẹ̀ tín-ín-rín bíi páálí, wọ́n tò ó bí ojú ewé ìwé. Ohun tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ òjé náà ti re sílẹ̀, ó ti di ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ti bo ìyókù. Mo dúró tì í pẹ́, owó mi ni mò ń wò nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ló jẹ́ kó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Bátìrì mọ́tò dà bí géńdé tó ń báni ti ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà: á fi gbogbo agbára tì í ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọkọ̀ á dáhùn, alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná nínú ọkọ̀, á sì dá ohun tó lò padà fún un. Ti inverter gan-an, tí wọ́n ń pè ní deep cycle, alábàárù ni. Òjé tirẹ̀ nípọn, ó lè ru ẹrù láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹrù yín. Máṣíìnì tó ní ẹ̀rọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 100, fáànù 60, gílóòbù LED méjì 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Lórí bátìrì fóòtì 12, pẹ̀lú èyí tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ, á fa bí áńpù 17 tàbí 18. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni kí ẹ máa lò nínú bátìrì mọ́tò, ìyẹn bí wákàtí kan fún 75Ah. Deep cycle 200Ah tí ẹ lò dé ìdajì á fún yín ní bíi wákàtí márùn-ún ààbọ̀.

Áyọ́ọ̀nù kò sí níbẹ̀ rárá. Èyí tó jẹ́ wáàtì 1000 á fa bí áńpù 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Áyọ́ọ̀nù eléèédú yín, ẹ má tíì tà á.

Bátìrì ọlọ́dún méjì yẹn, ẹ má so ó pọ̀ mọ́ tuntun. Àgbàlagbà á máa fa èyí tó lágbára sẹ́yìn, àwọn méjèèjì á sì jọ kú. Bí owó ò bá tíì sí, ẹ lo ti oṣù mẹ́ta yẹn nìkan fún gílóòbù àti fáànù, kí fíúsì wà lára waya rẹ̀ nítòsí bátìrì. Ẹ ra mítà kékeré. Bí bátìrì bá ti sinmi díẹ̀, tó kún, á ka fóòtì 12.7, tó bá ti ka 12.4, ẹ pa inverter. Ẹ má dúró kí inverter pa ara rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pa á títí á fi di 10.5, bátìrì ti gbẹ tán nígbà yẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá sì lò ó náà ni kí ẹ sájì í kún.

ÌBÉÈRÈ: Bátìrì inverter mi gbóná lálẹ́ àná, ó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilé sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ṣé kí n bu ásíìdì kún un? (Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Rárá, sà. Ẹ pa iná tó ń sájì í láti ara ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan waya kankan, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ilé bọ́ síta. Òórùn yẹn máa ń pani lára. Èyí tó ti wú kò lè bọ̀ sípò mọ́. Ẹ má da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, òjé wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni òjé fún àwọn ọmọdé. Odindi ni kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù. Tí ẹ bá ra òmíràn, tó jẹ́ olómi, omi bátìrì (distilled water, kì í ṣe ásíìdì) nìkan ni kí ẹ máa bù sí i, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.