Ẹ má tíì tẹ Install: ìdáhùn fún olùkọ́ tó fẹ́ fi plugin sí Moodle

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama aládàáni kan n'Íbàdàn. Moodle, sáìtì ẹ̀kọ́ orí ayélujára, la fi ń fún àwọn ọmọ níṣẹ́ ilé. Mo ra plugin kan, ìyẹn àfikún tí a ń fi sí Moodle, lọ́wọ́ arákùnrin kan lórí WhatsApp, èyí tí a ó máa fi sàmì sí orúkọ ọmọ tó wá sí kíláàsì. Fáìlì ZIP ló fi ránṣẹ́, ó ní premium ni, pé wọn kì í rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wọlé sórí Moodle, mo wá ibi tí màá ti fi sí i tì. Ó wá ní kí n gba password admin lọ́wọ́ ọ̀gá wa kí n fi ránṣẹ́, òun á bá mi ṣe é. Bí kò bá sì dáa, ṣebí a kàn lè yọ ọ́ kúrò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi password kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ dá kíkà dúró ná, kí ẹ lọ bá ọ̀gá yín kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ìdí tí ẹ fi wá ibẹ̀ tì ni pé àkáǹtì olùkọ́ kò ní i. Alábòójútó sáìtì, ìyẹn admin, nìkan ló ń rí ibi tí wọ́n ti ń fi plugin sí Moodle. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí, torí ohun tí a bá fi síbẹ̀ kò mọ sí kíláàsì yín, gbogbo ilé-ìwé ló kàn.

Ní ti premium tí wọ́n ń pariwo, n kò rí fáìlì náà, n kò sì lè búra lórí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ júwe yẹn, plugin tó ń jẹ́ Attendance ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni lórí moodle.org/plugins. Moodle fúnra rẹ̀, láti ìgbà tí Martin Dougiamas ti gbé ẹ̀dà 1.0 jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 2002, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan wà tó ń ta plugin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, kò sí aburú níbẹ̀: wọ́n ní sáìtì, wọ́n ń fúnni ní rìsíìtì, bí Moodle bá yí padà wọ́n á tún tiwọn ṣe. Ẹni tí kò lórúkọ, tí kò ní àdírẹ́sì, tó kàn ń já ZIP sílẹ̀ lórí WhatsApp, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Irú wọn ti ń bí mi nínú, torí ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tà á fún.

Ọ̀rọ̀ tó wá gbà mí lọ́kàn jù nínú ìbéèrè yín ni "ṣebí a kàn lè yọ ọ́ kúrò". Àṣìrò ńlá nìyẹn, ó sì pọ̀ láàárín wa. Orí fóònù la ti kọ́ ọ. Lórí fóònù, app kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Bó bá fẹ́ lo kámẹ́rà, á tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Plugin Moodle kò ní yàrá kankan. Kóòdù PHP ni, èdè tí wọ́n fi kọ Moodle fúnra rẹ̀, bí Moodle ṣe ń ṣiṣẹ́ lòun náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí Moodle lè kà, òun náà lè kà á: orúkọ àwọn ọmọ, ímeèlì tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, máàkì wọn, àti fáìlì config.php níbi tí password database (ibi tí Moodle ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí) wà láìfi nǹkan kan bò ó. Bí ẹ bá ṣí fáìlì kan nínú ZIP náà, tí ẹ rí eval(base64_decode( tí lẹ́tà rádaràda gígùn tẹ̀ lé e, wọ́n fi kóòdù pamọ́ nìyẹn, ẹ má bèèrè nǹkan kan mọ́, ẹ jù ú nù. Bí ẹ kò bá sì rí i, ìyẹn kò sọ pé ó mọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí yóò máa gbà wọlé, pamọ́ síbẹ̀ lè kọ ọ́ lónírúurú ọ̀nà, ó sì lè sọ fáìlì mìíràn sínú fódà tí kì í ṣe ti plugin náà rárá. Ẹ yọ plugin, fáìlì yẹn á ṣì jókòó síbẹ̀.

Àní kí plugin mọ́ tónítóní, yíyọ rẹ̀ kì í ṣe eré. Tí a bá fi Attendance sí i, á ṣẹ̀dá tábìlì (table) tirẹ̀ nínú database, bíi mdl_attendance_sessions àti mdl_attendance_log. Bí ẹnìkan bá kàn wọ cPanel, ojú ewé tí wọ́n fi ń darí server, lọ pa fódà rẹ̀ rẹ́, àwọn tábìlì yẹn á wà níbẹ̀ síbẹ̀, Moodle á sì máa kọ Missing from disk sí i lára, pé fáìlì rẹ̀ ti sọnù. Bí ẹ bá wá gba ọ̀nà tó tọ́, tí ẹ tẹ Uninstall, àwọn tábìlì náà á lọ, àkọsílẹ̀ wíwá àwọn ọmọ fún odidi sáà kan á sì bá a lọ. Kò sí ibi tí ẹ ti lè ṣà á padà, àfi bí ẹ bá ní ẹ̀dà ìpamọ́, ìyẹn backup.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Kí admin yín kọ́kọ́ wo ẹ̀dà Moodle tí ẹ ń lò, kó wò ó lójú ewé Attendance bóyá ó bá a mu. Kó ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ nǹkan mẹ́ta: database, fódà moodledata, àti kóòdù Moodle fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé moodledata, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ wà. Kó wá lọ sí Site administration, Plugins, Install plugins, kó gbé ZIP tó wà lórí moodle.org síbẹ̀. Moodle á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì ní kó tẹ Upgrade Moodle database now. Bó bá jẹ́ GitHub, sáìtì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ló ti gbà á, tó sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sórí server, attendance ni kí fódà náà máa jẹ́, nínú fódà mod, kì í ṣe orúkọ gígùn tí GitHub fi sí i. Bí Moodle bá ní òun kò lè kọ nǹkan sínú fódà mod, kó pe àwọn tó ń gbàlejò sáìtì yín, ìyẹn àwọn hosting. Ẹni tó bá ní kó fi 777, ìyẹn àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lórí server lè kọ nǹkan síbẹ̀, sí gbogbo fódà, kó má dá a lóhùn. Bó bá ní ibi tó ti lè dán an wò ṣáájú, kó dán an wò níbẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe to server yín, n kò sì lè dúró fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ZIP ti WhatsApp yẹn bá ti wọlé ná, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ pe àwọn tó ń gbàlejò sáìtì, kí wọ́n dá a padà sí ẹ̀dà ìpamọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, kí gbogbo admin pààrọ̀ password, kí wọ́n pààrọ̀ ti database náà.

Owó yín, ẹ bá a jà fún un bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ti lè rí i. Ní ti kíláàsì, tí admin bá ti parí, ẹ tan Edit mode, Attendance á ti wà láàárín àwọn activity. Ẹ fi session, ìyẹn ìjókòó kíláàsì kan, sí i fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ní iṣẹ́. P ni ẹni tó wá, L ni ẹni tó pẹ́, E ni ẹni tó gbàyè, A ni ẹni tí kò wá.