Ṣé irin tí wọ́n ń fi sí ẹnu ọmọdé léwu?

Ìbéèrè yín ni pé dókítà eyín fẹ́ fi ìdérí irin bo eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yín tó ti jẹrà, ẹ̀rù sì ń bà yín pé irin náà lè wọ inú ara rẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kò léwu fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ti lé ní 70 ọdún tí wọ́n ti ń lò ó fún eyín ọmọdé. Lóòótọ́, níkẹ̀lì, ìyẹn irú irin kan tí ara àwọn kan kì í gbà, wà nínú rẹ̀, díẹ̀ sì máa ń bá itọ́ lọ, àmọ́ ó kéré sí èyí tó ń bá oúnjẹ wọlé lójoojúmọ́.

Ohun tó ká mi lára jù ni ọmọ tí ara rẹ̀ kì í gba níkẹ̀lì. Bí yẹtí tàbí bọ́tìnnì ṣòkòtò bá ti mú kí ara rẹ̀ yún rí, kó pọ́n, kó sì sú wínníwínní, ẹ tètè sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní ìdérí funfun tí kò ní irin fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Bí ìdérí náà bá yẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ kíá kó má bàa há a lọ́fun, kí ẹ sì gbé e padà lọ bá dókítà. Bí kò bá yẹ̀, òun àti eyín náà ló jọ máa ká.