Ẹsẹ̀ ọmọ leopard gecko tí mò ń sìn ní Kubwa ń tẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láìjáfara, kí ẹ sì fi kálísíọ̀mù kún oúnjẹ rẹ̀ lónìí, torí àìtó kálísíọ̀mù ló sábà ń mú kí eegun irú ọmọńlé bẹ́ẹ̀ rọ̀ kó sì tẹ̀ nígbà tó bá ń dàgbà.

Ìrẹ̀ àti aáyán kò ní kálísíọ̀mù tó. Ẹ da ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù sínú ọ̀rá, ẹ kó ìrẹ̀ sí i, ẹ rọra gbọ̀n ọ́n títí ara wọn yóò fi funfun, kí ẹ tó kó wọn fún ọmọńlé náà. Láìsí fítámì D3, ara rẹ̀ kò lè gba kálísíọ̀mù náà bó ti yẹ. Àmọ́ àpọ̀jù D3 léwu, dókítà ni kó sọ ìwọ̀n rẹ̀. Oòrùn tó gba gíláàsì fèrèsé wọlé kò ràn án lọ́wọ́, torí gíláàsì ń dá ìtànṣán UVB dúró, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ara fi ń ṣe fítámì D3. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àpótí gíláàsì rẹ̀ sínú oòrùn Abuja: ooru yóò pa á. Gílóòbù UVB ló dára jù.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ rí i pé ibì kan nínú àpótí náà móoru tó nǹkan bíi 32°C, kí oúnjẹ lè dà nínú ikùn rẹ̀. Ẹ kó igi àti òkúta tó ń gùn kúrò, torí eegun rírọ̀ tètè ń ṣẹ́.

Bí àgbọ̀n rẹ̀ bá ti rọ̀ tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ má dúró dọ̀la. Eegun tó ti tẹ̀ lè má tọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó lè padà le.