Bí A Ṣe Lè Mú Ọmọ Tí A Bí Sí Àbújá Mọ Ìbátan Rẹ̀ Nínú Igbó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kúbwà ní Àbújá ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ibẹ̀ ni mo sì bí àkọ́bí mi àti àwọn ìbejì tí ó tẹ̀ lé e sí. Nígbà tí omi ya wọ Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àkọ́bí mi bi mí bóyá ayé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, n kò sì rí èsì fọ̀. Ó tún ń dùn mí pé àwọn ọmọ yìí kò mọ igi kan tàbí ẹyẹ kan dunjú. Kí ni mo lè ṣe tí ìfẹ́ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí yóò fi wọ̀ wọ́n lọ́kàn, tí ẹ̀rù kò sì ní gbà wọ́n lọ́kàn tán? — Ìyá Ìbejì, Kúbwà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run yóò bá wa dá wọn sí. Ohun tí ẹ ń wá ti wà lẹ́nu yín láti ọjọ́ tí ẹ ti bí wọn. Bí ẹ bá ń kì wọ́n ní "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ọmọ ẹdun tíí ṣeré orí igi," ẹ̀ ń ka ẹbí wọn fún wọn ni, nítorí ẹdun, ọ̀bọ onírun dúdú àti funfun, ni àwọn baba wa kà sí ìbátan ìbejì, débi pé ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó bí ìbejì kì í fi ẹnu kan ẹran rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún wọn yékéyéké, kí ẹ sì fi kún un pé ẹdun ṣì ń fò láti igi dé igi ní Gashaka-Gumti, ọgbà ìpamọ́ ẹranko tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa.

Ìbátan sì ní ojúṣe. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Síbẹ̀ orí igún wà lórí àtẹ àwọn tí ń ta èlò ìṣègùn ìbílẹ̀, nílẹ̀ Yorùbá àti lókè Ọya níhìn-ín. Ìyẹn wà lára ohun tí ó mú kí IUCN, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá inú igbó, ka igún tí ó wọ́pọ̀ nílùú wa tẹ́lẹ̀ mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parun, láti ọdún 2015. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun gbogbo ọmọ Yorùbá.

Ẹ kò ní rí ẹdun ní Kúbwà, nítorí náà ẹ wá ìbátan tí ó wà nítòsí. Igi irú, tí àwọn Hausa ń pè ní dorawa, ni mo máa fẹ́ kí ẹ mú wọn lọ bá, nítorí àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa sábà máa ń dá a sí bí wọ́n bá ń ṣán oko. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó rẹ̀ a máa so rọ̀ lórí ọ̀já gígùn, a rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, a sì pupa fòò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àdán á dé láti wá lá oje dídùn inú rẹ̀, ẹ̀tù òdòdó á lẹ̀ mọ́ irun àyà rẹ̀, òun náà á sì gbé e lọ sórí igi mìíràn, kí èso tó lè so. Àdán lọ́wọ́ nínú irú tí ẹ fi se ẹ̀fọ́ lánàá. Bí èso bá gbó, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n tọ́ ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú tí ó bo kóró rẹ̀ wò. Ìdí igi kan náà ni kí ẹ máa padà sí, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò.

Ní ti àkọ́bí yín, ẹ má parọ́ fún un. Ìdídò Alau ya ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, omi sì bo Maiduguri. Epo rọ̀bì àti èédú tí aráyé ń sun ń mú ayé gbóná sí i, ilẹ̀ tí a sì gé igi orí rẹ̀ tán kì í lè fa òjò mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ti àwọn àgbẹ̀ Maradi àti Zinder ní orílẹ̀-èdè Niger fún un pẹ̀lú, lókè Katsina níbẹ̀ yẹn. Láti nǹkan bí ọdún 1985 ni wọn kò ti bẹ́ gbogbo ọ̀mùnú tí ń rú lára kùkùté inú oko wọn mọ́. Wọ́n ń yan èyí tí ó dára, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, igi sì ti padà sórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí tiwọn bẹ̀rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná rẹ kóró irú mọ́jú, nítorí èèpo rẹ̀ le, kí ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá tí ó kún fún iyẹ̀pẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, kí ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ abúlé ìtòsí yín, kí àwọn ọmọ lọ lọ́ ọ síbẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀gún sọgbà yí i ká, nítorí ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé rẹ̀.