Òbí ẹ̀ wà ní Guangdong, òun wà lọ́dọ̀ màmá àgbà: kí ni tíṣà lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìlú kékeré kan ní Guizhou, ní Ṣáínà, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan wà ní kíláàsì mi, bàbá àti ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fákítírì ní Guangdong, ìyá bàbá ẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́, ó máa ń sùn ní kíláàsì, máàkì ẹ̀ náà ti wálẹ̀. Ṣé ìṣẹ́ ló fà á ni àbí àìrí òbí? Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, tíṣà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ìyẹn ni inú mi ṣe dùn pé ẹ rí ọmọ yìí.

Ibì kan náà ni ìṣẹ́ àti àìrí òbí yẹn ti wá. Láti 1958 ni Ṣáínà ti ní ètò hukou, ìwé tó so èèyàn mọ́ ìlú tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ará abúlé lè lọ ṣiṣẹ́ ní Shenzhen tàbí Dongguan, àwọn ìlú ńlá ní Guangdong, o, ṣùgbọ́n kí ọmọ ẹ̀ tó ríbi wọ ilé ìwé ìjọba níbẹ̀, wàhálà ni, ìlú tí hukou ẹ̀ wà náà ló sì sábà máa ń padà sí láti ṣe gaokao, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ní 2018 ìjọba wọn ka àwọn ọmọ abúlé tí bàbá àti ìyá wọn jọ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú míì sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 7, 96 nínú 100 wọn ló sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà. Ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ní irú òbí bẹ́ẹ̀ já ọmọ jù sílẹ̀.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé àwọn àgbẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ láàárín 1980 sí 1989, olùwádìí kan, Rand Conger, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìrònú owó máa ń kọ́kọ́ gba ọkàn òbí, òbí á wá máa kanra, tọkọtaya á máa jà, ibẹ̀ ló ti ń kan ọmọ. Ẹ ò lè fi owó kún owó oṣù wọn, ṣùgbọ́n àárín òbí àti ọmọ, èèyàn lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ẹ fọgbọ́n bi ọmọ náà, kí ni wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá pè é lórí WeChat? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ máàkì ńkọ́, ṣé ò ń gbọ́ràn sí màmá lẹ́nu, ó tán. Ẹ̀rù ló ń ba òbí, torí zhongkao, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ìwé girama àgbà, ń bọ̀ ní ìparí ọdún kẹsàn-án ní ilé ìwé, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í sì rí ilé ìwé girama àgbà wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ ọmọ tí máàkì ẹ̀ ti já wálẹ̀ ò ní nǹkan kan tó fẹ́ sọ lórí fóònù yẹn mọ́, á wá máa sá fún un.

Ẹ má fúnra yín pe òbí o. Banzhuren, tíṣà tó ń bójú tó kíláàsì, ni kẹ́ ẹ lọ bá, òun ló ní nọ́ńbà wọn, òun ló sì ń lọ kí wọn nílé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ohun dáadáa kan nípa ọmọ náà fún wọn, kó tó ní kí wọ́n mú ọjọ́ kan àti aago kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n á máa pè, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n má mẹ́nu ba ìwé rárá lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n bi í pé kí ló jẹ, ta ni ọ̀rẹ́ ẹ̀, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ń sùn hàn án lórí fídíò. Kí wọ́n yéé sọ pé “torí tìẹ la ṣe ń jìyà”, gbèsè ni ọmọ ń gbọ́ nínú ẹ̀.

Ní ti oorun, ẹ bi í bóyá kì í rí oorun sùn lóru ni àbí fóònù ló ń tẹ̀. Tó bá fẹnu kàn án pé ayé sú òun tàbí pé òun ń ya ara òun lábẹ, ẹ má bá a pa á mọ́ ní àṣírí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún banzhuren, 12356 sì ni nọ́ńbà ìjọba fún irú ọ̀rọ̀ yìí káàkiri Ṣáínà.

Tí àwọn òbí bá wálé ọdún tuntun wọn, ọmọ náà lè máa dijú mọ́ wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ bínú sí i. Ìgbà tí wọ́n bá padà lọ ló máa ń le jù, nítorí náà tí táàmù bá wọlé, ẹ máa tètè wá a lọ ní kíláàsì.